Bàbá Bándì àti Àwọn Orúkọ Inú Ìlù

Bàbá tó bí ìyá mi, tí gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Settimo Torinese ní Italy mọ̀ sí Bàbá Bándì, papò dà ní oṣù kẹsàn-án tó kọjá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti ní kí n kọ nǹkan nípa wọn: ọdún tí wọ́n bí wọn, iléèwé tí wọ́n lọ, ìgbà tí wọ́n gbé Màmá Àgbà níyàwó. Mi ò ní kọ ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kó bi màámi. Èmi ò lè bi wọ́n ní nǹkan kan lọ́wọ́ báyìí, ìdí rẹ̀ yóò sì hàn níwájú.

Ohun tí mo mọ̀ ni bí Bàbá Àgbà ṣe ń rìn. Wọn kì í rìn lásán bíi tèmi bíi tìrẹ. Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ gbé, ẹni tó bá sì ń bá wọn lọ gbọ́dọ̀ gbé tòsì pẹ̀lú wọn, ì báà jẹ́ ilé ìtajà tó wà nísàlẹ̀ ilé wa la ń lọ ra búrẹ́dì. Nígbà tí mo ń kàwé ní Padova, Arcella ni mò ń gbé, lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n sì wá kí mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú tram báyìí ni òjò dé. Mo gbé báàgì wọn, mo sáré síwájú. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, Bàbá Àgbà ṣì dúró síbi tí mo fi wọ́n sí, omi ń ṣàn lára fìlà wọn, àwọn èèyàn ń yà fún wọn lọ́tùn-ún lósì.

"Bàbá Àgbà, kí ló dé?"

"Ọ̀tún lo fi bẹ̀rẹ̀," ni wọ́n wí.

Ojú tì mí, inú sì bí mi, torí pé àwọn ọmọ kíláàsì mi kan wà lábẹ́ òrùlé ibi tí tram ti ń dúró. Mo padà. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A gbé ẹsẹ̀ òsì, òjò sì pa wá délé. Bí mo ṣe ń fún aṣọ mi nínú ilé ìwẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ ọ́ láti yàrá pé, "Ó mà dáa tá a jọ bẹ̀rẹ̀."

Olùkọ́ iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n ní Ìkirun, àwọn náà ló sì ń darí bándì iléèwé wọn títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí Màmá Àgbà kú, màámi sáré ìwé ricongiungimento, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí wá bára gbé, wọ́n mú wọn wá sọ́dọ̀ wa. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Màámi ń ṣe turno, iṣẹ́ ọ̀sán lónìí òru lọ́la, ní magazzino kan tí wọ́n ń kó ẹrù sí, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sí nílé, èmi àti Bàbá Àgbà la jọ máa ń wà. Èmi ni ẹnu wọn lọ́dọ̀ dókítà, èmi ni ẹnu wọn ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Fún odindi ọdún kan, ojú fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí, tí wọ́n ń wo àwọn ọkọ̀ ẹrù bí wọ́n ṣe ń yà wọ ọgbà àwọn iléeṣẹ́. Tí mo bá bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wò, wọ́n á ní, "Mò ń wo bí wọn ò ṣe tò."

Brọ̀dá Délé ló yọ wọ́n kúrò níbẹ̀. Brọ̀dá Délé ń wa muletto, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń gbé ẹrù, níbi iṣẹ́ màámi, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la sì ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó rí ìlù ńlá kan tí àwọn onílù ìlú kékeré kan nítòsí wa gbé síta pẹ̀lú pàǹtírí. Awọ rẹ̀ ti ya. Ó tọrọ rẹ̀, wọ́n ní kó máa gbé e lọ, ó bá gbé e wá fún Bàbá Àgbà.

Orí balikóni la ti tú u. Nígbà tí awọ kúrò, a rí i pé inú igi ìlù náà kún fún orúkọ. Àwọn ará Italy ló fi pẹ́ńsù kọ ọ́, lọ́dọọdún, wọ́n á kọ ọdún, wọ́n á wá to orúkọ sábẹ́ rẹ̀. Bàbá Àgbà ní kí n máa kà á. Mo ń kà á, wọ́n ń mi orí. Mo dé ibi orúkọ kan tí wọ́n fa ìlà méjì lé lórí.

"Kí ló dé tí wọ́n pa tẹni yìí rẹ́?" ni wọ́n bi mí.

Mo ní mi ò mọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó bá wọn jà. Ó lè jẹ́ pé ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Àgbà fi àtàǹpàkò rọra nu orí orúkọ náà bí ẹni tó ń nu ojú ọmọ, wọ́n wá sọ pé, "Ẹni yìí ò parí ọdún."

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn o. Títí di òní mi ò mọ ẹni tí wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ tàbí ohun tó ṣe. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni gbogbo òfin tó dá wàhálà sílẹ̀ nínú ìdílé wa ti wá.

Bàbá Àgbà fi awọ tuntun bo ìlù náà, wọ́n sì fi kó àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì wa jọ sí bándì. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Bándì máa ń bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún tuntun, nínú capannone, gbọ̀ngàn iléeṣẹ́ kan tí ṣọ́ọ̀ṣì wa háyà, ó sì máa ń parí lọ́jọ́ Ìkórè ní oṣù kọkànlá. Lọ́jọ́ Ìkórè, tí ìsìn bá parí, a ó tú ìlù ńlá. Ẹni tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó sì ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tó bá pa Sátidé mẹ́ta jẹ léra wọn ti lọ nìyẹn, ohun yòówù kó fà á. Ó lè padà ní oṣù kìíní, wọ́n á gbà á tayọ̀tayọ̀. Àwọn ọdún tó ti kọ tẹ́lẹ̀ kò ní kúrò. Àmọ́ ọdún tó fi sílẹ̀ láàárín kì í ṣe tirẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun wà nínú bándì lọ́dún náà.

Àwọn ọmọ kórìíra òfin yìí. Débọ̀, tó ń lu ìlù kékeré, tí kì í fi Yorùbá dáhùn àfi tí ebi bá ń pa á, máa ń pariwo pé, "Ma Baba, non è giusto!", pé kò tọ́ rárá. Ọ̀rọ̀ Italian méjì péré ni Bàbá Àgbà ń lò nídìí iṣẹ́, "piano", ìyẹn ẹ rọra, àti "insieme", ìyẹn ẹ jọ ṣe é. Wọ́n á gbé ọ̀pá wọn sókè, wọ́n á wo Débọ̀ lójú, wọ́n á ní, "Insieme." Ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ló máa ń parí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá kan wà tó ń jẹ́ Tèmi. Kò sẹ́ni tó mọ ìlù lù tó o nínú wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan, contratto, ìwé àdéhùn iṣẹ́ bàbá rẹ̀, parí, wọn ò tún un ṣe fún un, ó bá rí iṣẹ́ níléeṣẹ́ àga kan ní apá Pordenone. Ó kó gbogbo ilé lọ. Nígbà tí Ìkórè dé, bàbá Tèmi wa ọkọ̀ láti ọ̀hún wá, wákàtí márùn-ún gbáko, ó mú ọmọ rẹ̀ dání pẹ̀lú fìlà bándì lórí. Tèmi tò sórí ìlà. Ó kàn án, ó na ọwọ́ fún bírò. Bàbá Àgbà ò fún un.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," bàbá rẹ̀ wí, "kì í ṣe ọmọ náà ló pinnu láti lọ. Èmi ni. Iṣẹ́ ni mo wá lọ."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣe dáadáa. Ọlọ́run á bùkún iṣẹ́ yín."

"Oṣù mẹ́sàn-án ló fi lù ú, Bàbá! Ẹ fi tèmi ṣe, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́."

Ọkùnrin náà fẹ́ dọ̀bálẹ̀, Bàbá Àgbà di apá rẹ̀ mú. Tèmi ò sunkún. Ó ṣí fìlà, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó sì jáde. Màámi bínú débi pé wọ́n sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé ṣé kí ọmọ náà sọ fún bàbá rẹ̀ pé kó jókòó kí ebi pa wọ́n ni. Bàbá Àgbà ò jẹ ìrẹsì Ìkórè lọ́jọ́ náà. Mo gbé omi lọ fún wọn, mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n le tó báyìí. Wọ́n ní, "Inú mi bàjẹ́ ju ti bàbá rẹ̀ lọ, Àjọkẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ò sí níbí."

Èmi nìyẹn, Àjọkẹ́. Ọdún márùn-ún ni mo kọ orúkọ mi sínú ìlù yẹn láìpa ọdún kan jẹ. Kódà nígbà tí mo wà ní Padova, mo máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin wálé ní ọjọ́ Sátidé méjì méjì, kí n má bàa pa mẹ́ta jẹ. Ní ọdún kẹfà, ní oṣù kẹfà, iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe fíríìjì ní Pordenone pè mí fún stage, iṣẹ́ ìkọ́ṣẹ́ olóṣù díẹ̀. Mo sọ fún Bàbá Àgbà nídìí oúnjẹ. Wọ́n gbàdúrà fún mi, wọ́n fún mi ní súẹ́tà wọn pé òtútù ọ̀hún le. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìlù.

Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n pe bándì wa láti tò pẹ̀lú àwọn onílù ìlú lọ́jọ́ àjọ̀dún wọn. Wọ́n gbé àwòrán wa sínú ìwé ìròyìn. Mo kọ "àwòrán wa". Ẹ ò rí bí mo ṣe kọ ọ́? Mi ò sí níbẹ̀.

Nígbà tí stage parí tí mo ń wá iṣẹ́ gidi níbẹ̀, mo kọ ọ́ sínú curriculum mi pé ọdún mẹ́fà ni mo fi wà nínú bándì, mo sì lẹ àwòrán náà mọ́ ọn. Obìnrin tó ń gba èèyàn síṣẹ́ ní inú òun dùn sí i, kí n gba ìwé wá lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ náà. Mo tẹ ìwé náà fúnra mi ní Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́fà ni mo kọ síbẹ̀, mo gbé e wálé kí Bàbá Àgbà kàn fọwọ́ sí i. Wọ́n wọ gíláàsì. Wọ́n fi ìka tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ dé ìdí ìwé. Wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n fa bébà míì jáde, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ òmíràn ní Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yìn mí nínú rẹ̀ débi pé orí mi wú. Ọdún márùn-ún, wọ́n to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn tó kẹ́yìn: ó bẹ̀rẹ̀ ọdún kẹfà, kò parí rẹ̀.

Mo bínú sódì. Mo sọ ohun tí ọmọ kì í sọ sí àgbà. Mo ní ṣé nítorí pé mo lọ síṣẹ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ bà mí lórúkọ jẹ́, mo ní ẹni tó jókòó sójú fèrèsé ni wọ́n tẹ́lẹ̀, tèmi ni gbogbo ẹnu tí wọ́n ní nílùú yìí. Màámi ní kí n panu mọ́. Mo ní, "Bàbá Àgbà, ọmọ-ọmọ yín ni mí!"

"Ọmọ-ọmọ mi ni ẹ́," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ò lè yí padà. Ọmọ bándì ọdún yẹn kọ́ ni ẹ́."

Mo túmọ̀ ìwé náà sí Italian fúnra mi, tòun ti gbólóhùn yẹn, mo fi ránṣẹ́. Wọ́n gbà mí síṣẹ́. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni kà á. Àmọ́ mo di ọ̀rọ̀ náà sínú, mo ń bá Bàbá Àgbà ṣe kí-lẹ-jẹ, ṣé-dáadáa-ni, kò kọjá bẹ́ẹ̀. Tí màámi bá fẹ́ gbé fóònù fún wọn, mo máa ń ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà míì tí mo sì wà lórí ibùsùn mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún Bàbá Àgbà ní àyà. Sátidé mẹ́fà ni wọ́n fi wà ní ọsibítù àti lórí ibùsùn. Brọ̀dá Délé ló ń darí ìlù, ó sì ń gbé fóònù sókè kí wọ́n lè máa gbọ́. Nígbà tó di Ìkórè, wọ́n ti gbádùn, wọ́n dúró nínú aṣọ bándì wọn, wọ́n ti rù. Mo wálé fún un. Kí n má purọ́, mo fẹ́ rí ohun tí wọ́n máa ṣe ni. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì lọ́wọ́. Bàbá Àgbà ló máa ń kọ́kọ́ kọ orúkọ lọ́dọọdún. Brọ̀dá Délé gbé bírò fún wọn. Wọ́n gbà á, wọ́n wò ó, wọ́n gbé e fún Débọ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ dá bándì sílẹ̀ o," Brọ̀dá Délé wí.

"Sátidé mẹ́fà, Délé."

"Wọ́n là yín láyà ni!"

"Ìwọ lo dúró tì wọ́n. Èmi ò sí níbẹ̀."

Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ni Bàbá Bándì ṣe láyé, ìyẹn ni mo máa sọ. Ó yẹ kí n lọ bá wọn nígbà yẹn. Ọkàn mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú abọ́ ìrẹsì mi. Mo ní ọdún Kérésì ni mo máa bẹ̀ wọ́n. Nígbà Kérésì, wọ́n fi mí sí turno. Mo ní ó di Àjíǹde. Nígbà tó di Àjíǹde, gbogbo wa wà nídìí tábìlì kan náà, Bàbá Àgbà bu ẹran fún mi, mo ní ẹ ṣé sà, mo jẹ ẹ́.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni màámi pè mí ní oṣù kẹsàn-án pé kí n máa bọ̀, pé àìsàn àyà Bàbá Àgbà tún ti dé. Mo kúrò ní Pordenone pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Lẹ́yìn Padova, ọkọ̀ ojú irin náà dúró sáàárín oko àgbàdo. Wọ́n ní guasto ni, pé ọkọ̀ bàjẹ́, kí a mú sùúrù. Àwọn èèyàn ń kùn, ọkùnrin kan ń jẹ ápù. Ó lé ní wákàtí kan tí a wà níbẹ̀, àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, ibẹ̀ ni fóònù mi sì ti dún. Màámi ò sunkún. Wọ́n ní, "Wọ́n ti lọ, Àjọkẹ́. Má sáré mọ́." Mo jókòó. Kò síbi tí mo lè lọ, kò sí ohun tí mo lè ṣe, ilẹ̀kùn gan-an ò ṣí.

A sin wọ́n sí Settimo. Látìgbà náà, mi ò pa Sátidé kan jẹ. Mò ń ti Pordenone wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mò ń ran Brọ̀dá Délé lọ́wọ́, mò ń to àwọn ọmọ sórí ìlà. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọdún tèmi, nítorí pé mi ò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Mi ò sì bèèrè fún un.

Ìkórè dé. A tú ìlù. Débọ̀ kọ orúkọ rẹ̀, Brọ̀dá Délé kọ tiẹ̀, àwọn ọmọ yòókù kọ. Bí Brọ̀dá Délé ṣe fẹ́ gbé awọ padà, màámi dìde láti àárín ìjọ.

"Bàbá mi ńkọ́?" ni wọ́n bi í.

Bàbá Àgbà ò pa Sátidé kan jẹ lọ́dún yìí, láti oṣù kìíní títí di ọ̀sẹ̀ tí wọ́n kú. Ṣùgbọ́n ó ku Sátidé mẹ́wàá. Brọ̀dá Délé gbé bírò náà fún mi.

"Àjọkẹ́, ìwọ lo mọ inú wọn jù. Ohun tó o bá sọ la máa ṣe."

Gbogbo wọn ń wò mí, wọ́n sì fẹ́ kí n kọ ọ́. Mo rí i lójú wọn. Ká ní mo kọ ọ́, wọn ì bá pàtẹ́wọ́, wọn ì bá sunkún, à bá sì jẹun. Mo di bírò náà mú. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Wọn ò parí ọdún."

"Ma è morto," Débọ̀ wí, jẹ́jẹ́, pé wọ́n ti kú ni.

"Mo mọ̀," ni mo wí. Brọ̀dá Délé bẹ̀rẹ̀ sí í de awọ.

Nínú ọkọ̀, màámi ló ń wakọ̀. A dé ibi iná ojú pópó, ó pupa, a dúró.

"Màámi, òfin wọn ni mo tẹ̀ lé," ni mo wí.

"Mo mọ òfin wọn. Ilé mi ni wọ́n ń gbé." Wọn ò yíjú sí mi. "Ohun kan péré ni mo fẹ́ bi ẹ́. Ká ní wọ́n kọ ọdún kẹfà yẹn fún ẹ, ṣé o ò ní kọ orúkọ bàbá mi lónìí?"

Iná di àwọ̀ ewé. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa ń fọn fèrè ọkọ̀ rẹ̀. Màámi ò gbéra, wọ́n ń dúró dè mí, mo sì la ẹnu láti sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, pé ohun tí Bàbá Àgbà fẹ́ ni mo ṣe. Ọ̀rọ̀ náà ò jáde, torí mi ò lè búra pé òótọ́ ni.